Mọ́tò Tí A Fi Ń Mọ Ìgbà Iyán

Kí n tó mọ aago wò ni mo ti mọ ìró mọ́tò bàbá mi. Ilé wa ní Ìkàrẹ́ wà ní ìsàlẹ̀ òkè kan, ọ̀nà tí bàbá mi ń gbà bọ̀ láti Ọ̀kà, níbi tó ti ń ṣe tísà, sì gba orí òkè náà kọjá. Bó bá ti dé ibi tí ọ̀nà ti yí, á dín eré kù, mọ́tò náà á húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà ni á máa kùn bọ̀ wálẹ̀ bí àgbàlagbà tí ebi ń pa. Ìyá mi kì í wo ojú oòrùn, kì í béèrè aago lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Iṣu á ti jinná lórí iná, á fi ọmọrí dé e. Ìgbà tí ikọ́ méjì náà bá dún ni yóò ní, "Ó ti dé orí òkè," yóò sì da iṣu sínú odó. Láti orí òkè yẹn dé ẹnu ọ̀nà wa, bí ewúrẹ́ kò bá dábùú ọ̀nà, ó tó ìwọ̀n àkókò tí iyán odó kan fi ń dán. Bí bàbá mi bá ti ń pa iná mọ́tò ni ìyá mi ń kó iyán sínú àwo, tí ooru rẹ̀ ń rú tùù. Èmi rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilé ń ṣe. Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo lọ sílé ọ̀rẹ́ mi kan, tí mo rí i pé wọ́n ń gún iyán láì tíì gbọ́ ìró mọ́tò kankan.

Mọ́tò kékeré ni. Kò ní bọ́ọ̀tù bíi ti àwọn mọ́tò yòókù. Ẹ̀yìn rẹ̀ pátá ni ó ń ṣí sókè, gíláàsì àti ohun gbogbo, bí ẹni ṣí àpótí. Irin méjì tó yẹ kó gbé ẹ̀yìn náà dúró ti rọ kó tó dọ́wọ́ wa, nítorí náà ìyá mi fi ọmọ odó àtijọ́ kan tí ẹnu rẹ̀ ti là ta bàbá mi lọ́rẹ, òun ni a fi ń tì í. Inú mọ́tò ni ọmọ odó yẹn ń gbé. Àwa ni ẹnì kẹta tó ra mọ́tò náà. Nọ́ńbà Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ṣì wà lára rẹ̀ nígbà tí a ti di ará Ìpínlẹ̀ Oǹdó tipẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ̀rọ̀ sí i, bàbá mi á ní mọ́tò òun ti dáyé kí ìpínlẹ̀ tó dé. Ilẹ̀kùn ọ̀tún kì í ṣí láti ìta. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé á dúró kí wọ́n fa okùn fún un láti inú, kò sì gbọdọ̀ gbá ilẹ̀kùn náà bó bá ń pa á dé. "Ohun tó bá ti dàgbà," bàbá mi á wí, "a kì í fi ìbínú ti ilẹ̀kùn rẹ̀." Ní àárọ̀ Ọjọ́ Àìkú, tí àwọn aládùúgbò wa bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá mi á ti ká ṣòkòtò sókè, á máa fi kànrìnkàn wẹ̀ ẹ́, á máa bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, tó ń gbé yàrá tó kọjú sí àgbàlá, kì í kọjá lára mọ́tò náà kó má fọwọ́ lu iwájú rẹ̀ pẹ́pẹ́. "O kú iṣẹ́ o, ọmọ mi," á wí. Mo ti ní mọ́tò mẹ́ta láyé mi báyìí, n kò kí ọ̀kan rí nínú wọn, bóyá nítorí ìyẹn ni wọn kò ṣe pẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ọdún tí mo fẹ́ sọ yìí, mo wà ní kíláàsì márùn-ún. Oore kan tí a kò tọrọ ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Jímọ̀ mẹkáníìkì, tó ń tún mọ́tò náà ṣe láti ọjọ́ tí a ti rà á, rí sàlẹ́ńsà tó dára kan ní Ọ̀wọ̀, ó sì fi rọ́pò èyí tó ti jẹrà lábẹ́ mọ́tò wa. Mọ́tò náà dákẹ́ rọ́rọ́. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ìyá mi ń ṣa irú tí yóò tà lọ́jà, Ìyá Àgbà ń tòògbé lórí ẹní, a kàn ṣàdédé rí bàbá mi lẹ́nu ọ̀nà, báàgì lọ́wọ́, bí àlejò tí kò mọ ẹni tí yóò kí. "Ṣé kò sí ẹnikẹ́ni nílé yìí ni?" ó wí. Iṣu ṣì wà lórí iná. Ìyá mi dìde, ó ta irú nù, ó ń tọrọ àforíjì bí ẹni tó jalè. Lọ́jọ́ kejì ó fi ojú oòrùn díwọ̀n rẹ̀, iyán sì ti tutù kí bàbá mi tó dé. Lọ́jọ́ kẹta bàbá mi wa mọ́tò náà lọ bá Jímọ̀, ó mú mi dání.

"Jímọ̀, dá a padà sí bó ṣe wà."

"Kí ni kí n dá padà, Tísà?"

"Ariwo rẹ̀ ni."

Jímọ̀ yọrí lábẹ́ mọ́tò tó ń ṣe lọ́wọ́, ó wo bàbá mi, ó wò mí. "Ẹ jọ̀ọ́, Tísà. Gbogbo ayé ló ń wá sọ́dọ̀ mi pé kí n bá àwọn pa ariwo. Ẹ̀yin nìkan lẹ wá tọrọ ariwo."

"Ìyàwó mi ò gbọ́ mi mọ́," ni bàbá mi wí.

Jímọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí táyà. Ó tú sàlẹ́ńsà tuntun náà, ó so ti àtijọ́ padà, ó sì lu ihò kékeré kan sí i lára, ó ní ènì ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ikọ́ méjì náà dún lórí òkè kíkankíkan, ìyá mi sì rẹ́rìn-ín músẹ́ bó ti ń da iṣu sódó.

Sátidé nìkan ni èmi máa ń bá bàbá mi lọ sí Ọ̀kà, a máa ń lọ kó iṣu lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọdún yẹn náà ni bàbá mi dá eré kan sílẹ̀ lójú ọ̀nà. "Ràlíà," á wí, "ka ọ̀nà fún mi." Èmi á jókòó síwájú, èmi á na ọrùn, èmi á máa kà á: "Ewúrẹ́ méjì lọ́wọ́ ọ̀tún. Obìnrin kan ru igi. Lọ́rì ń bọ̀. Kòtò, Bàbá, kòtò!" Bí mo bá tètè rí nǹkan, á ní, "O káre." Mo rò pé ẹ̀kọ́ ni. Tísà ni bàbá mi, kò sí ohun tí kì í fi ṣe ẹ̀kọ́. Iye ìgbà tí a bá bu omi sínú mọ́tò, ìṣirò ni. Mò ń fi ọ̀nà kíkà yìí yangàn fún àwọn ẹgbẹ́ mi, mo ní bàbá mi kò lè wa mọ́tò bí èmi kò bá sí níbẹ̀. N kò mọ̀ pé òótọ́ ni mò ń sọ.

Sátidé kan nígbà ọyẹ́, ó bá mi wí kí a tó kúrò nílé nítorí mo gbá ilẹ̀kùn mọ́tò. Inú bí mi. Mo pinnu nínú ara mi pé n kò ní ka ọ̀nà kankan fún un lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Ràlíà, ka ọ̀nà." Mo dákẹ́. Ó tún ní, "Ràlíà." Mo kọjú sí fèrèsé. Ó ń wà á lọ jẹ́jẹ́ nínú kùrukùru títí a fi sún mọ́ Ọ̀kà, níbi tí àwọn obìnrin ti máa ń sá gbàgúdá sórí àpáta àti sí etí ọ̀dà. Mo rí i. Mo rí gbàgúdá náà níwájú, funfun báláú, mo rí obìnrin tó bẹ̀rẹ̀ tó ń tẹ́ ẹ, mo sì rò ó pé bàbá mi náà rí i, àbí ta ni kò ní rí ohun tó funfun tó bẹ́ẹ̀? Obìnrin náà kígbe, ó fò sẹ́yìn. Táyà wa gun orí gbàgúdá rẹ̀, ó ń run wómúwómú lábẹ́ wa kí bàbá mi tó rí búréèkì tẹ̀.

"Tísà, ẹ̀yin ni?" ni obìnrin náà wí, ọwọ́ rẹ̀ wà láyà. "Ẹ̀yin tí ẹ máa ń kí mi lójoojúmọ́? Ṣé ẹ ò rí mi ni?"

Bàbá mi bọ́ sílẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́, ó bẹ̀ ẹ́, ó sì kúnlẹ̀ láti bá a kó èyí tó ṣẹ́ kù. Ó ń kó gbàgúdá, ó ń kó òkúta mọ́ ọn. Ọwọ́ rẹ̀ ń rá lórí ilẹ̀, ó ń wá ohun tó wà níwájú rẹ̀ gan-an. Ìgbà yẹn ni ó yé mi pé ọwọ́ ni bàbá mi fi ń wò. Nígbà tí a padà sínú mọ́tò, ó di sítiárìn mú, kò ṣíná sí i. "Má sọ fún ìyá rẹ," ó wí. Ohùn tó fi sọ ọ́ kì í ṣe ohùn tísà rárá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀nà láì jẹ́ pé ó ní kí n kà á, mò ń sunkún, mò ń kà á, títí a fi délé.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, bó ti wa mọ́tò jáde lóun nìkan, ni èrò kan gbá mi láyà: ta ni yóò ka ọ̀nà fún un? Láti ọjọ́ náà lọ, ikọ́ méjì orí òkè kò jẹ́ ti iyán létí mi mọ́. Bó bá dún, bàbá mi ṣì wà láyé nìyẹn. Bí mo bá sọ, wọ́n á gba mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì mọ̀ pé bí wọ́n bá gba mọ́tò náà, wọ́n ti gba nǹkan kan lára rẹ̀ tí n kò mọ orúkọ rẹ̀ nígbà náà. Bí n kò bá sì sọ, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ikọ́ náà kò ní dún. Ọ̀rọ̀ náà tóbi ju ikùn mi lọ. N kò lè jẹun mọ́. Ìyá mi ní aràn ni, ó fún mi ní omi ewúro mu fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko. Di òní, bí mo bá gbóòórùn ewúro, ọ̀rọ̀ tí n kò sọ yẹn ni mo máa ń rántí.

Ó wá di ọ̀sán kan, a kò gbọ́ nǹkan kan. Ìyá mi gbé iṣu sọ̀ kalẹ̀, ó tún gbé e padà sórí iná. "Jímọ̀ ló dá a dúró," ó wí. Ó gbé e sọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n pe ìrun Àsárì, Ìyá Àgbà kírun tán, ó ń ka tẹ̀súbáà lórí ẹní rẹ̀, òkè dákẹ́. Mo bú sẹ́kún.

"Bàbá ò ríran mọ́," mo wí.

"Kí lo sọ?" Ìyá mi di èjìká mi mú. Mo sọ gbogbo rẹ̀, ti gbàgúdá, ti òkúta tó ń kó mọ́ gbàgúdá. Ọwọ́ rẹ̀ rọ lórí èjìká mi.

Ìyá Àgbà kò gbójú sókè. "Bẹ́ẹ̀ náà ni ti bàbá rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀," ó wí. "Ó pẹ́ tí mo ti ń rí i tó ń fọwọ́ wá àwo ọbẹ̀. Ẹ̀rù ló ń bà mí láti wí i síta."

Bó ti sọ ọ́ tán ni ikọ́ méjì dún lórí òkè. Ìyá mi kò sá lọ sójú ọ̀nà. Ó da iṣu sódó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gún un. N kò gbọ́ irú iyán gígún bẹ́ẹ̀ rí, ilẹ̀ àgbàlá ń mì. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń fi apá nù ún kó má baà kán sínú odó. Bàbá mi wọlé, ó ní oòrùn ló ń ta òun lójú, òun jókòó sí ìdí igi títí ó fi rọlẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè. Ó jẹun tán, ó fọwọ́, ìyá mi wá kúnlẹ̀ láti palẹ̀ àwo mọ́, kò sì kó wọn.

"Bàbá Ràlíà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi ní mọ́tò wíwà."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Mọ́tò kẹ̀? Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Irú mi. Mo fẹ́ máa gbé e lọ tà ní Ọ̀kà àti Ìṣùà fúnra mi. Ọrùn ń ro mí."

Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó yíjú sí apá ibi tí mo jókòó sí. Èmi tẹjú mọ́ ilẹ̀. "Ràlíà," ó wí, "o ti ka ọ̀nà fún ìyá rẹ." Mo rò pé yóò nà mí. Ó na ọwọ́, ó wá orí mi rí, ó sì gbé ọwọ́ náà síbẹ̀ pẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ó wí fún ìyá mi pé, "Ọ̀la, lẹ́yìn Àsárì."

Wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn o. Dókítà ní àìsàn ojú tó ń bá ìdílé rìn ni, oògùn lè dá èyí tó kù dúró, kò lè dá èyí tó ti lọ padà. Bàbá mi bẹ àwọn ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ kí wọ́n gbé òun wá sí ilé-ìwé tó wà ní àdúgbò wa, èmi sì ń fà á lọ́wọ́ lọ láràárọ̀. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́, lórí pápá ilé-ìwé, òun ni ọ̀gá. Èmi máa ń jókòó sẹ́yìn, ọmọ odó àtijọ́ náà lẹ́sẹ̀ mi. Bàbá mi á di ojú rẹ̀ méjèèjì. "Gbọ́ ọ," á wí. "Ó ń bẹ̀ ọ́. Tẹ kílọ́ọ̀ṣì, yí jíà."

"Kí ni kí n gbọ́?" ìyá mi á wí, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. "Ariwo ni gbogbo rẹ̀."

Ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin ni ìyá mi ṣàdédé dá mọ́tò dúró láàárín pápá. "Ẹ dúró ná. Ṣé bíi ti odó ni? Bí iṣu bá ṣì le, ó ń dún kò, kò. Bó bá ti ń fà, ìró á yí padà kí ojú tó rí i."

Bàbá mi la ojú. "Ta ló ní n kò lè kọ́ obìnrin ní mọ́tò?" ó wí. "Ó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀!" Láti ọjọ́ náà, ìyá mi kò yí jíà sódì mọ́. Àwọn ará àdúgbò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn, wọ́n ń pè é ní dẹ́rẹ́bà, ó sì ń jẹ́ wọn. Nígbà tó kọ́kọ́ gun òkè Ọ̀kà, mọ́tò kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Bàbá mi ni ó bọ́ sílẹ̀, tó fọwọ́ wá òkúta, tó fi há táyà ẹ̀yìn. "Má wo ẹ̀yìn," ó kígbe sí i. "Ẹ̀yìn wà lọ́wọ́ mi." Ìyá mi wa mọ́tò náà fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, títí Jímọ̀ fi wí pé kò sí ibi tí òun tún lè so mọ́ lára rẹ̀. Ọmọ odó tó ń ti ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi bí mo ti ń kọ èyí.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mò ń fẹ́ dé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọjọ́ tí ìyá mi kọ́kọ́ dá lọ sí Ọ̀kà. Bàbá mi ni ó ní kó dá lọ. Láti ìgbà tó ti jáde, bàbá mi kò jókòó. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó padà, ó mu omi, ó tún lọ. Mo ti se iṣu, ó ti jinná, mo dé e. Ìyá Àgbà ní kí n fara balẹ̀, pé èmi ni n ó gún un. Lójijì bàbá mi gbé ọwọ́ sókè.

"Ó ti dé orí òkè."

Èmi kò tíì gbọ́ nǹkan kan. Mo dákẹ́, mo wá gbọ́ ọ. Ikọ́ kan. Gbogbo wa dúró. Ikọ́ kejì.

"Ó yí jíà níbi tó yẹ," ni bàbá mi wí. Mo dìde láti lọ mú ọmọ odó. "Fi sílẹ̀," ó wí. Ó ká apá bùbá rẹ̀ sókè, ó fọwọ́ wá ẹnu odó rí, ó fọwọ́ wá ọmọ odó. "Da iṣu sí i."

Ìyá Àgbà dìde lórí ẹní. Ọkùnrin kì í gún iyán fún ìyàwó rẹ̀ ní àgbàlá wa, pàápàá àgbàlá tó ṣí sí ojú títì. "Ọmọ mi," ó rọra wí, "àwọn èèyàn ń kọjá."

"Kí wọ́n máa kọjá, Ìyá. Èmi ò rí wọn."

Ó gún un. Ó ń gún un, ó ń gún etí odó mọ́ ọn, iṣu ń ta sí wa lára. Ìyá Àgbà wò ó títí, ó sì wá jókòó ti odó náà, ó ń bá a yí iyán, ó ń sọ fún un pé, "Lápá ọ̀dọ̀ mi. Ó tó. Lápá ọ̀dọ̀ mi." Mọ́tò ń kùn bọ̀ wálẹ̀, odó ń dún, títí mọ́tò fi dákẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, tó wá ku odó nìkan. Ìyá mi wọlé, iṣu méjì láyà rẹ̀. Ó dúró. Ó wo ọkọ rẹ̀, kò gbé iṣu náà sílẹ̀, àfi ìgbà tí mo lọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fọwọ́, ó jókòó sórí àpótí tí bàbá mi máa ń jókòó sí. Bàbá mi bu iyán fún un fúnra rẹ̀, ó sì dúró tì í, ọmọ odó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé kókó wà níbẹ̀?" ó bi í.

Ìyá mi, tó lè tún odidi odó iyán kan gún nítorí kókó ẹyọ kan, gbé òkèlè mì. Mo rí kókó náà bó ti ń lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀.

"Kò sí kókó kankan níbẹ̀," ó wí.

Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó fi ọmọ odó náà ti ara ògiri. "Irọ́ lo pa. Mo gbọ́ gbogbo wọn bí mo ti ń gún un."

Ìyá mi bu òkèlè mìíràn, ó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ.